Ìtúnṣe ìgbéga ìdì sọ́fítíwíà tí ó kùnà lórí Debian

Ìtúnṣe ìgbéga ìdì sọ́fítíwíà ni iṣẹ́ wíwá ìdí tí ìgbéga kan fi dúró lójú ọ̀nà, àti píparí rẹ̀ láìba àwọn ètò yòókù tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà jẹ́. Ìdì sọ́fítíwíà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páákéèjì, ni fáìlì kan ṣoṣo tí a di ètò kọ̀ǹpútà kan, ìwé ìlànà rẹ̀ àti àwọn àṣẹ tí yóò fi í sí àyè rẹ̀ pọ̀ sí. Àyọkà yìí dá lórí Debian àti àwọn ètò-ìṣiṣẹ́ tí a gbé kà á lórí, irú bí Ubuntu, Linux Mint àti Raspberry Pi OS, nítorí pé irinṣẹ́ kan náà, ìyẹn dpkg àti APT, ni gbogbo wọn ń lò.

Ọ̀pọ̀ olùlò, pàápàá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lọ, ni ó gbà pé bí ìgbéga bá ti dàrú, kò sí ohun tí ó kù ju kí a nu dísìkì náà, kí a sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lákọ̀tun. Nípa bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí, fọ́tò àti ìwé tí wọn kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ fi ń ṣègbé. Nínú ọ̀pọ̀ ìgbà, èrò náà kò tọ̀nà. dpkg máa ń kọ ibi tí ó bá iṣẹ́ dé sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìgbéga tí ó kùnà sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí kò tíì parí, kì í ṣe ilé tí ó wó. Ohun tí ń sọ ọ́ di ìparun gan-an ni ìwàǹwára ẹni tí ń tún un ṣe.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn irinṣẹ́ náà

Ian Murdock ni ó kéde Debian ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1993. Òun náà ni ó kọ dpkg àkọ́kọ́ ní ọdún 1994, kí Ian Jackson tó tún apá tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ kọ ní èdè C. Ohun tí dpkg mọ̀ ni bí a ti ń tú ìdì tí ó wà lọ́wọ́. Kò mọ bí a ti ń wá ìdì tí kò sí nílé. Nítorí èyí ni a ṣe dá APT sílẹ̀, Debian 2.1, tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1999, sì ni ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí ó gbé e wá. Ubuntu dé ní ọdún 2004, ó sì jogún méjèèjì.

Ìyàtọ̀ àárín wọn ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń wá àṣìṣe. APT ni ó ń ronú: ìdì wo ni a nílò, ẹ̀dà wo, láti ibo. dpkg ni ó ń fi ọwọ́ ṣe é. Bí àṣìṣe bá wáyé kí ìdì kankan tó di títú, ọ̀dọ̀ APT ni kí a ti wá a. Bí ó bá wáyé lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ dpkg ni.

Bí ìgbéga ṣe ń lọ

Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .deb kò ní awo kankan nínú. Ohun mẹ́ta ni a dì pọ̀ sínú rẹ̀: fáìlì kékeré kan tí a ń pè ní debian-binary, tí nọ́ńbà 2.0 wà nínú rẹ̀, control.tar, tí ó gbé orúkọ ìdì, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, àwọn ìdì mìíràn tí ó gbára lé, àti àwọn ìwé àṣẹ rẹ̀, àti data.tar, tí ó gbé àwọn fáìlì tí yóò lọ sórí dísìkì gan-an. Àwọn ìwé àṣẹ wọ̀nyí lè tó mẹ́rin: preinst máa ń ṣiṣẹ́ kí a tó tú ìdì, postinst lẹ́yìn tí a bá tú u, prerm kí a tó yọ ọ́, postrm lẹ́yìn tí a bá yọ ọ́. Agbára root, ìyẹn agbára alábòójútó tí kò sí ẹnu ọ̀nà tí kò lè ṣí, ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́.

Nígbà ìgbéga, dpkg á kọ́kọ́ pe prerm ti ẹ̀dà àtijọ́, lẹ́yìn náà preinst ti ẹ̀dà tuntun. Yóò wá tú àwọn fáìlì tuntun sórí dísìkì, ṣùgbọ́n kò ní fi orúkọ wọn gan-an pè wọ́n. Yóò fi àfikún .dpkg-new sí ìdí orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á rí i dájú pé dísìkì ti gbà wọ́n wọlé, kí ó tó yí orúkọ wọn padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti rọ́pò ti àtijọ́. Ìyípadà orúkọ kì í dúró ní ìdajì: yálà fáìlì àtijọ́ ni ó wà níbẹ̀ tàbí tuntun. Ìdúró-de-dísìkì yìí wà lára ohun tí ó ń mú kí ìgbéga falẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ráhùn sí i láìmọ̀ pé òun ni ó ń dáàbò bò wọ́n.

Lẹ́yìn títú ni ìṣètò. Ìgbésẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ibẹ̀ sì ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìdì tí a ti tú ti ní fáìlì rẹ̀ lórí dísìkì, ṣùgbọ́n postinst rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́: bóyá a kò tíì dá orúkọ olùlò tí ó nílò sílẹ̀, bóyá iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. APT sábà máa ń tú ọ̀pọ̀ ìdì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò wọn. Bí iṣẹ́ bá wá dúró ní agbedeméjì, ogún tàbí ọgọ́rin ìdì lè wà ní ipò tí a ti tú wọn tí a kò sì tíì ṣètò wọn. Ẹni tí ó bá rí orúkọ ọgọ́rin ìdì lójú kan náà á rò pé gbogbo nǹkan ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun tí àkọsílẹ̀ ipò ń sọ

Inú fáìlì /var/lib/dpkg/status ni dpkg ń kọ ipò ìdì kọ̀ọ̀kan sí. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ọwọ́ tún un kọ. Àṣẹ dpkg -l ń fi lẹ́tà méjì ké ohun tí ó wà níbẹ̀ kúrú. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ohun tí olùlò fẹ́. Èkejì ni ohun tí ó wà nílẹ̀ ní tòótọ́. Bí a bá rí ii, a fẹ́ ìdì náà, ó sì wà ní pípé. iU túmọ̀ sí pé a ti tú u, a kò tíì ṣètò rẹ̀. iF ni èyí tí ìṣètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí ó sì kùnà. iH burú jù wọ́n lọ, nítorí pé títú rẹ̀ gan-an ni kò parí. rc ń dẹ́rù ba àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn rárá: a ti yọ ìdì náà, fáìlì ìṣètò rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, àṣẹ dpkg --audit ni ó yẹ kó ṣáájú. Kò ń yí nǹkan padà. Yóò ka àwọn ìdì tí kò pé, yóò sì sọ irú àìpé tí ó wà lára wọn. Bí kò bá sọ nǹkan kan, kò sí ìdì tí ó dúró sójú ọ̀nà, ibòmíràn ni wàhálà ti wá. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta mìíràn ń ràn án lọ́wọ́. /var/log/dpkg.log ń kọ wákàtí tí ìdì kọ̀ọ̀kan yí ipò padà. /var/log/apt/history.log ń kọ àṣẹ tí olùlò pa àti àwọn ìdì tí ó kàn. /var/log/apt/term.log sì ń pa ohun tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà mọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ti pa ojú-ìwé àṣẹ dé kí ó tó ka àṣìṣe ṣì lè padà lọ bá a níbẹ̀.

Nígbà tí iná bá lọ láàrin iṣẹ́

Ìdí tí ó wọ́pọ̀ jù tí ìgbéga fi ń dúró kò ní í ṣe pẹ̀lú sọ́fítíwíà. Iná mànàmáná lọ, bátìrì tán, tàbí íntánẹ́ẹ̀tì já mọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà láti ọ̀nà jíjìn. Bí olùlò bá tún pe APT lẹ́yìn náà, yóò gbọ́ pé “dpkg was interrupted, you must manually run 'sudo dpkg --configure -a' to correct the problem”. Wọ́n ti sọ ìwòsàn mọ́ àìsàn: iṣẹ́ dpkg já lójú ọ̀nà, àṣẹ yìí ni yóò parí rẹ̀. Ohun tí sudo dpkg --configure -a ń ṣe ni pé ó ń gba orí gbogbo ìdì tí a ti tú kọjá, ó sì ń pe postinst wọn ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé bí ìgbáralé wọn ti rí.

Bí àwọn kan nínú wọn bá ń dúró de ìdì tí kò tíì dé, sudo apt --fix-broken install ni ó kàn. APT yóò gba ohun tí ó kù wálé láti parí ìṣirò rẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí a ka ohun tí ó fẹ́ ṣe kí a tó tẹ Y, nítorí pé ọ̀nà kan tí APT lè gbà tún ìgbáralé ṣe ni pé kí ó yọ ìdì kúrò.

Ìdì tí ó wà ní ipò iH kò ṣeé ṣètò. dpkg á sọ pé ó wà ní ipò tí kò dára rárá, pé kí a tún un gbé wọlé. Àṣẹ sudo apt install --reinstall pẹ̀lú orúkọ ìdì náà sábà máa ń tó o. Bí ìdákú iná bá bá àkọsílẹ̀ ipò fúnra rẹ̀ jẹ́, tí dpkg kò lè kà á mọ́, ẹ̀dà tí ó ṣáájú rẹ̀ wà nínú /var/lib/dpkg/status-old, àwọn ẹ̀dà ìpamọ́ mìíràn sì wà nínú /var/backups, tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dpkg.status. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé àwọn fáìlì yìí wà kò ní ìdí láti nu dísìkì.

Fún ẹni tí ń gbé sáfà ga láti ọ̀nà jíjìn, ìdènà rọrùn ju ìwòsàn lọ: kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nínú tmux tàbí screen. Bí ìsopọ̀ bá já, iṣẹ́ á máa lọ lórí sáfà, olùlò á sì padà bá a lẹ́nu rẹ̀.

Àgádágodo tí kò yẹ kí a já

“Could not get lock /var/lib/dpkg/lock-frontend” ni gbólóhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tí ó jẹ́ àlejò sí Ubuntu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ètò mìíràn ń lo dpkg lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, unattended-upgrades ni, ìyẹn ètò tí ń fi ìmúdójúìwọ̀n ààbò sí ipò wọn fúnra rẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀dà APT òde òní máa ń dárúkọ ètò náà àti nọ́ńbà rẹ̀. Sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí a fi rm pa fáìlì àgádágodo náà rẹ́, ni ó burú jù. Fáìlì náà kọ́ ni àgádágodo. Ó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, yálà ẹnikẹ́ni ń lo dpkg tàbí kò sí. Kánẹ́ẹ̀lì ni ó ń so àgádágodo mọ́ fáìlì náà fún ètò tí ó bá béèrè, kánẹ́ẹ̀lì náà ni yóò sì tú u bí ètò náà bá kú, ì báà kú ikú òjijì. Nítorí náà, bí àgádágodo bá ṣì wà, ètò kan ṣì wà láàyè tí ó dì í mú. Bí a bá pa fáìlì rẹ́, ètò yẹn á ṣì di àgádágodo ti àtijọ́ mú, dpkg kejì á dá fáìlì tuntun, á ti tirẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa kọ sínú àkọsílẹ̀ ipò kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn ni ohun tí ì bá parí nínú ìṣẹ́jú márùn-ún á wá di ìbàjẹ́ tòótọ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a kà

Nígbà tí postinst ìdì kan bá kùnà, ìlà tí ó gbẹ̀yìn lójú kọ̀ǹpútà ni “E: Sub-process /usr/bin/dpkg returned an error code (1)”. Ìlà yìí ni ọ̀pọ̀ ń dà kọ nígbà tí wọ́n bá ń wá ìrànlọ́wọ́, kò sì sọ nǹkan kan ju pé dpkg kò ṣe àṣeyọrí. Lókè rẹ̀ ni orúkọ àwọn ìdì tí ó kùnà máa ń wà, tí wọ́n sì lè pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gòkè sí i, a óò rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ pé “dependency problems prevent configuration”: kò sí ohun tí ó ṣe àwọn wọ̀nyí, ẹlòmíràn tí wọ́n gbára lé ni wọ́n ń dúró dè. Ìdì kan ṣoṣo, nígbà mìíràn méjì, ni yóò sọ pé “installed post-installation script subprocess returned error exit status 1”. Òun ni aláìsàn. Bí ara rẹ̀ bá yá, àwọn yòókù á dìde.

Àpẹẹrẹ kan ni mariadb-server, tí ó ń tọ́jú dátà fún ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì. Ká ní alábòójútó kan ti kọ ìlà kan sínú fáìlì ìṣètò rẹ̀ ní /etc/mysql ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹ̀dà tuntun kò sì mọ ìlà náà mọ́. Ìdì á di títú láìsí wàhálà. postinst á wá gbìyànjú láti tan sáfà dátà náà, sáfà á kọ̀ láti tàn, postinst á sì kùnà. dpkg kò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó rí ni pé ìwé àṣẹ náà dá nọ́ńbà 1 padà. Ẹni tí ó mọ̀ ni ètò tí kò tàn. Àṣẹ journalctl -u mariadb á fi ọ̀rọ̀ “unknown variable” hàn pẹ̀lú orúkọ ìlà náà, ìyẹn ni pé kò mọ ohun tí a kọ síbẹ̀. A ó yọ ìlà náà, a ó pe sudo dpkg --configure -a, iṣẹ́ á parí. Kò sí dátà tí ó sọnù, nítorí pé inú /var/lib/mysql ni dátà wà, títú ìdì kò sì dé ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń ṣí ìwé àṣẹ tí ó kùnà nínú /var/lib/dpkg/info, wọ́n á sì kọ exit 0 sí òkè rẹ̀ kí dpkg lè gbà pé ó ti ṣiṣẹ́. dpkg á gbà á. Àmọ́ ìdì tí kò ní ìṣètò ni yóò máa jẹ́ ii láti ọjọ́ náà lọ, àkọsílẹ̀ tí a gbẹ́kẹ̀ lé á sì ti purọ́. Bí a bá fẹ́ ṣí fáìlì náà rárá, set -x ni ó sàn kí a kọ sí i: yóò máa fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ìlà tí ó bá hàn gbẹ̀yìn sì ni èyí tí ó kùnà.

Dísìkì tí ó kún

“No space left on device” ń sọ pé ààyè ti tán, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ó ti tán. df -h ń fi ààyè tí ó kù ní apá kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ààyè bá wà síbẹ̀ tí àṣìṣe náà kò lọ, kí a wo df -i, tí ń ka iye fáìlì tí dísìkì ṣì lè gbà. sudo apt clean á pa àwọn .deb tí a ti lò tán rẹ́ kúrò nínú /var/cache/apt/archives, ìyẹn nìkan sì lè dá ààyè tí ó pọ̀ padà.

Ti /boot ni ó ń pani lórí jù. Lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti gbogbo dísìkì rẹ̀ pa, /boot sábà máa ń jẹ́ apá kékeré kan tí ó dá wà, kánẹ́ẹ̀lì tuntun kọ̀ọ̀kan sì ń fi fáìlì ńlá kún un. Nígbà tí ó bá kún, postinst kánẹ́ẹ̀lì tuntun á kùnà. Apt autoremove, tí ì bá yọ ti àtijọ́, sì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nítorí pé ìgbáralé kan kò pé. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a lọ bá dpkg tààrà. uname -r á sọ kánẹ́ẹ̀lì tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Dpkg -l 'linux-image*' á ka gbogbo wọn. Sudo dpkg --purge á sì yọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti pẹ́ jù. Ààyè tí ìyẹn bá dá sílẹ̀ ni a ó fi parí ìṣètò tuntun.

Kí ìdì tó dé: aago, kọ́kọ́rọ́ àti àdírẹ́sì

APT kì í gba ìdì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ilé ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì Release tí a buwọ́ lù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, APT sì ń fi kọ́kọ́rọ́ gbangba tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ ìbuwọ́lù náà wò. NO_PUBKEY ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ náà kò sí lọ́wọ́, ó sì sábà máa ń wá láti ilé ìpamọ́ tí kì í ṣe ti Debian, èyí tí olùlò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un.

“Release file is not valid yet” yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí ó ń sọ ni pé a buwọ́ lu fáìlì náà ní ọjọ́ tí kò tíì dé. Aago kọ̀ǹpútà ni ó sọnù. Bátìrì kékeré tí ó ń gbé aago ró lórí kọ̀ǹpútà àlòkù ti kú, tàbí kí ẹ̀rọ náà jẹ́ Raspberry Pi, tí àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí ó ṣáájú Raspberry Pi 5 kò ní aago tí ń rìn nígbà tí iná bá kú. Ẹni tí kò bá wo ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kà lè fi odindi ọ̀sán wá kọ́kọ́rọ́ tí kò sọnù.

“404 Not Found” ní tirẹ̀ sábà túmọ̀ sí pé àkójọ orúkọ tí ó wà nílé ti gbó, sudo apt update á sì tún un ṣe. Bí ìtẹ̀jáde náà fúnra rẹ̀ bá ti dàgbà ju ohun tí Debian ṣì ń tọ́jú lọ, àwọn ìdì rẹ̀ ti kó lọ sí archive.debian.org.

Ìdì tí a dá dúró àti ìdì tí a fẹ́ yọ

Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò lọ ni ó kùnà. Nígbà tí APT bá sọ pé ìdì kan “kept back”, ohun tí ó ń sọ ni pé òun dá a dúró mọ̀ọ́mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà tuntun rẹ̀ ń béèrè kí a yọ ìdì mìíràn, apt upgrade kì í sì í yọ ohunkóhun. Ó lè jẹ́ pé olùlò ti so ó mọ́lẹ̀ nígbà kan tí ó sì gbàgbé. Apt-mark showhold á rán an létí. Lórí Ubuntu, ó tún lè jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pín ìmúdójúìwọ̀n náà fún àwọn olùlò. apt full-upgrade ní àṣẹ láti yọ ìdì, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí a kọ́kọ́ pè é pẹ̀lú -s, tí yóò ṣe gbogbo ìṣirò náà láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ní ọdún 2021, Linus Sebastian, ọmọ Kánádà tí ń ṣe fídíò lórí kọ̀ǹpútà, ń gbìyànjú láti fi Steam sórí Pop!_OS, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ubuntu. Ìgbáralé ìdì Steam kò bára mu lọ́jọ́ náà, ojúlówó ọ̀nà tí APT rí ni kí ó yọ gbogbo ojú-iṣẹ́ alàwòrán kúrò. APT kìlọ̀ pé iṣẹ́ náà léwu, ó ní kí ó tẹ “Yes, do as I say!”, ìyẹn “Bẹ́ẹ̀ ni, ṣe bí mo ti wí!”, bí ó bá dá a lójú. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú-iṣẹ́ náà sì lọ. Ọ̀pọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ APT gbà pé ìkìlọ̀ tí gbólóhùn kan lè ṣí kò tó, wọ́n sì yí i padà láìpẹ́ lẹ́yìn náà kí gbólóhùn yẹn má ṣe tó láti yọ irú ìdì bẹ́ẹ̀ mọ́.

Fáìlì kan, olówó méjì

dpkg kì í gbà kí ìdì méjì ní fáìlì kan náà. Bí ìdì tuntun bá gbé fáìlì tí ó ti jẹ́ ti ẹlòmíràn wá, yóò sọ pé “trying to overwrite”, yóò dárúkọ olówó àkọ́kọ́, yóò sì dúró. Èyí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó da ilé ìpamọ́ ìta pọ̀ mọ́ ti Debian. dpkg -S pẹ̀lú orúkọ fáìlì á fi olówó rẹ̀ hàn. Bí olówó náà bá jẹ́ ìdì tí a kò lò mọ́, kí a yọ ọ́. --force-overwrite wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ti mọ ohun tí ó wà nínú fáìlì méjèèjì kí a tó pè é.

Ìbéèrè nípa fáìlì ìṣètò

Nígbà mìíràn ìgbéga kò kùnà rárá. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ni, olùlò sì rò pé ó ti gan. Bí alábòójútó bá ti yí fáìlì kan padà nínú /etc, tí ìdì tuntun sì gbé ẹ̀dà tirẹ̀ wá, dpkg á dúró béèrè èwo ni kí òun fi sílẹ̀. Bí a bá tẹ Enter lásán, ti àtijọ́ ni yóò dúró, tuntun á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àfikún .dpkg-dist. Bí a bá yan Y, ti àtijọ́ á di .dpkg-old. Kò sí èyí tí ó sọnù nínú méjèèjì. D á fi ìyàtọ̀ wọn hàn kí a tó yàn.

Láti ìtẹ̀jáde kan sí èkejì

Debian 12, tí a ń pè ní bookworm, jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Debian 13, trixie, jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Debian kò fọwọ́ sí kí a fo ìtẹ̀jáde kan kọjá: ẹni tí ó wà lórí 11 gbọ́dọ̀ gba 12 kọjá kí ó tó dé 13. Orúkọ ìtẹ̀jáde nìkan kọ́ ni ó máa ń yí padà nínú àkójọ ilé ìpamọ́. Nígbà tí Debian 11 dé, orúkọ apá ààbò kúrò ní buster/updates, ó di bullseye-security. Ẹni tí ó kàn fi bullseye rọ́pò buster rí 404. Nígbà tí Debian 12 dé, sọ́fítíwíà abẹ́ ẹ̀rọ, irú èyí tí Wi-Fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká nílò, kó lọ sí apá tuntun tí ń jẹ́ non-free-firmware; ẹni tí kò fi í kún un kò rí àṣìṣe kankan, ẹ̀dà àtijọ́ ni ó kàn ń lò lọ.

Ìwé ìtọ́sọ́nà Debian fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn kí a pe apt upgrade --without-new-pkgs kí apt full-upgrade tó tẹ̀lé e, kí a pa ẹ̀dà /etc àti /var/lib/dpkg mọ́, kí a sì fi àṣẹ script gba gbogbo ohun tí ó bá hàn sílẹ̀. Kò sí ètò fún pípadà sí ìtẹ̀jáde tí a ti kúrò lórí rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kò bá tàn mọ́

Bí kánẹ́ẹ̀lì tuntun bá kọ̀, ti àtijọ́ ṣì wà nínú àtẹ GRUB, lábẹ́ “Advanced options”. Bí ìyẹn náà kò bá gbé e dìde, a lè tan kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Debian tàbí Ubuntu tí a kọ sórí fúláàṣì. Láti ibẹ̀ ni a ó ti so dísìkì ilé náà mọ́ fódà kan, /mnt fún àpẹẹrẹ, pẹ̀lú /boot bí ó bá dá wà. A ó so /dev, /proc àti /sys mọ́ inú rẹ̀, a ó sì wọlé pẹ̀lú chroot /mnt. Ẹni tí ó bá ti wọlé báyìí wà nínú ètò-ìṣiṣẹ́ rẹ̀ gan-an bí ẹni pé ó tàn, dpkg --audit àti dpkg --configure -a sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nílé.

Láti orí fúláàṣì yìí kan náà, kí a tó pa àṣẹ kankan, /home ṣeé dà kọ sórí dísìkì ìta. Ìdì Debian kì í fi fáìlì sí /home, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ olùlò sábà máa ń wà níbẹ̀ ní pípé, ì báà jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà tí dpkg -l ń fi hàn jẹ́ iU.